FÍTÁMÌ B1: IṢẸ́ RẸ̀ NÍNÚ ARA ÈNÌYÀN, ÀTI OHUN TÍ ÀÌTÓ RẸ̀ TI FÀ NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera lọrọ̀. Wọ́n tún ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, òun sì ni pé ènìyàn lè jẹun yó bámúbámú, kí ebi ohun kékeré kan sì máa pa ara rẹ̀ láìmọ̀. Ohun kékeré náà ni fítámì B1, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní thiamine.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bèèrè pé, kí ló kan àwa ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunka nínú ọ̀rọ̀ fítámì? Ó kàn wá púpọ̀. Ẹni tí ó bá jí lọ sí Ọjà'ba yóò rí ohun tí a ń jẹ: ẹ̀kọ, gàárì, fùfú, àmàlà, ìrẹsì. Ọmọ tí ń lọ sí ilé kéú ní òwúrọ̀ a máa jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà. Nígbà tí owó bá wọ́n, àkàrà ni a kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò, ẹ̀kọ nìkan a wá kù. Ní ọ̀sán, gàárì a tẹ̀lé e. Ní alẹ́, àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní ẹran tàbí ẹ̀wà nínú. Ọmọ náà yó, kò sì sunkún ebi. Síbẹ̀, àkàrà tí a yọ kúrò yẹn ni ó gbé fítámì B1 lọ́wọ́. Bí a bá ka àpilẹ̀kọ yìí délẹ̀, a ó rí i pé irú jíjẹ báyìí ti dá àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín, kì í ṣe ní òkè òkun nìkan.

KÍ NI FÍTÁMÌ?

Fítámì jẹ́ èròjà tí ó wà nínú oúnjẹ, tí ara nílò ní ìwọ̀nba díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Fítámì kì í fúnni ní agbára fúnra rẹ̀ bí iṣu àti àgbàdo ti ń ṣe. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ni ó ń ṣe. Bí kò bá sí níbẹ̀, oúnjẹ tí a jẹ kò ní lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ jẹ ẹ́.

Ọ̀nà méjì ni a pín àwọn fítámì sí:

(a) Àwọn tí ń yòrò nínú ọ̀rá tàbí epo. Àwọn ni fítámì A, D, E àti K. Ara lè kó àwọn wọ̀nyí pamọ́ fún ìgbà pípẹ́.

(b) Àwọn tí ń yòrò nínú omi. Àwọn ni fítámì C àti gbogbo ẹbí fítámì B, tí wọ́n jẹ́ mẹ́jọ. Fítámì B1 ni àkọ́kọ́ nínú ẹbí náà.

Yíyòrò nínú omi yìí ni ó yẹ kí a mú lọ́kàn, nítorí ohun mẹ́ta ni ó ti ibẹ̀ wá. Èkíní, èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú ara a máa bá ìtọ̀ jáde, ara kì í fi í pamọ́ títí. Gbogbo fítámì B1 tí ó wà nínú ara àgbàlagbà tí ó ń jẹun dáadáa kò ju bíi 30 mílígíráàmù lọ, ìyẹn kò tó iyọ̀ tí a fi ìka méjì mú. Bí kò bá rí òmíràn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ìwọ̀nba náà yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èkejì, nítorí pé a kò lè kó o pamọ́, ojoojúmọ́ ni a ní láti máa wá a. Ọkùnrin nílò 1.2 mílígíráàmù lójúmọ́, obìnrin nílò 1.1, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tí ń fọ́mọ lọ́mú nílò 1.4. Ẹ̀kẹta, bí a bá fi omi se oúnjẹ, fítámì náà a máa bọ́ sínú omi. Bí a bá da omi náà nù, a ti da fítámì nù nìyẹn.

BÍ AYÉ ṢE MỌ FÍTÁMÌ B1

Àìsàn ni ó kọ́ ọmọ aráyé ní ọgbọ́n yìí. Ní ilẹ̀ Éṣíà, níbi tí ìrẹsì ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́, àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní beriberi. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá ṣe a máa kú tàbí kí ó wú, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, ọ̀pọ̀ a sì kú. Ní 1882 sí 1883, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Japan kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ryujo lọ sí ìrìn àjò. Nínú ènìyàn 376 tí ó wà nínú rẹ̀, 169 ni beriberi mú, 25 sì kú. Dókítà Takaki Kanehiro ṣàkíyèsí pé ìrẹsì funfun ni àwọn ọmọ ogun náà ń jẹ jù. Ó mú kí wọ́n fi ẹran, ọkà bálì àti àwọn oúnjẹ mìíràn kún oúnjẹ ọkọ̀ kejì tí ó gba ọ̀nà kan náà ní 1884. Àwọn díẹ̀ péré ni àìsàn náà mú nínú rẹ̀, kò sì pa ẹnì kankan.

Lẹ́yìn èyí ni Dókítà Christiaan Eijkman, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Java, rí i tí ẹsẹ̀ àwọn adìẹ rẹ̀ ń rọ, tí wọn kò lè dúró mọ́. Ìrẹsì funfun tí ó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ ọsibítù àwọn ológun ni wọ́n ń fún wọn jẹ. Alásè tuntun dé, ó ní òun kò ní fi ìrẹsì ológun bọ́ adìẹ tí kì í ṣe ti ológun. Wọ́n padà sí fífi ìrẹsì tí a kò bó èèpo inú rẹ̀ bọ́ wọn, àwọn adìẹ sì dìde. Báyìí ni ó fara hàn pé ohun kan wà nínú èèpo inú ìrẹsì, tí ẹ̀rọ ń bó dànù kí ìrẹsì lè funfun. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Gerrit Grijns, ni ó ṣàlàyé ní 1901 pé àìsí ohun náà gan-an ni ó ń fa àìsàn, kì í ṣe pé májèlé wà nínú ìrẹsì.

Ní 1912, Casimir Funk, ọmọ ilẹ̀ Poland, ni ó dá orúkọ tí a ń pè ní fítámì lónìí sílẹ̀. Ní 1926, Jansen àti Donath yọ fítámì B1 jáde ní ògidì. Ní 1936, Robert R. Williams ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe é nínú ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti di òògùn oníhóró tí ẹnikẹ́ni lè rà. Wọ́n fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel ní 1929, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó tí ó wà lórí òkè wa níbí. Ẹ wò ó, ìmọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju gbọ̀ngàn náà lọ.

IṢẸ́ TÍ FÍTÁMÌ B1 Ń ṢE NÍNÚ ARA

Iṣu, àgbàdo, ìrẹsì àti gbágùúdá tí a ń jẹ, ṣúgà ni inú ń sọ gbogbo wọn dà nígbẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ a gbé ṣúgà náà lọ sí ibi gbogbo nínú ara, níbẹ̀ ni ara yóò ti sun ún bí a ti ń sun igi nínú ààrò, kí agbára lè ti ibẹ̀ jáde. Bí igi bá pọ̀ nínú ààrò tí atẹ́gùn kò sì wọlé, kò ní jó, èéfín ni yóò máa rú. Ipò atẹ́gùn yẹn ni fítámì B1 wà. Òun ni ó ń ran àwọn ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ ní ibi tí ṣúgà ti fẹ́ wọ inú iná gan-an. Bí kò bá sí, ṣúgà yóò dúró ní agbedeméjì ọ̀nà, yóò sì di ásíìdì tí yóò kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ wà, agbára kò sí.

Láti inú èyí ni a ti lè rí òfin kan tí ó ṣe pàtàkì: bí oúnjẹ afúnnilágbára tí a jẹ bá ti pọ̀ tó ni fítámì B1 tí a nílò yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí ó da igi púpọ̀ sínú ààrò nílò atẹ́gùn púpọ̀. Nítorí náà ẹni tí ó jẹ òkèlè ńláńlá láìsí ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí ẹran pẹ̀lú rẹ̀ ń ná fítámì B1 ju bí ó ti ń wọlé lọ.

Àwọn ẹ̀yà ara tí kì í sinmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Ọpọlọ àgbàlagbà kò ju bíi 2 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń lo bíi 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ṣúgà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ọpọlọ ni ọkàn tí ń lù tọ̀sán-tòru, àti àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ó Ń FI HÀN PÉ KÒ TÓ

(a) Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń rẹ ènìyàn, oúnjẹ a máa sú u, kò ní rántí nǹkan dáadáa, inú a sì máa bí i láìnídìí.

(b) Bí ó bá wọ àwọn iṣan, àtẹ́lẹsẹ̀ a máa jóni tàbí kí ó kú tipiri. Ẹsẹ̀ a máa rọ. Ẹni tí ó bá lóṣòó kò ní lè dìde láìdi nǹkan mú.

(d) Bí ó bá wọ ọkàn, ẹsẹ̀ a máa wú, ènìyàn a máa mí gúlegúle, ọkàn a sì máa sáré.

(e) Bí ó bá wọ ọpọlọ, ẹyinjú a máa jà sọ́tùn-ún sósì, ènìyàn a máa rìn bí ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa dàrú. Dókítà Carl Wernicke ti ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú èyí ní 1881. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí ń mu ọtí líle, nítorí ọtí kì í jẹ́ kí inú gba fítámì B1 wọlé. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ènìyàn mu ọtí kí ó tó ṣe é.

(ẹ) Ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ kò ní fítámì B1 tó nínú ọmú lè ṣàìsàn láàárín oṣù méjì sí mẹ́fà. Ohùn ẹkún rẹ̀ a wọlẹ̀, a máa bì, ọkàn rẹ̀ sì lè dákẹ́ lójijì. Ní 2003, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, wọ́n fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní mílíìkì inú agolo kan tí wọ́n ṣe láti ara ẹ̀wà sóyà, tí kò sì sí fítámì B1 nínú rẹ̀. Àwọn kan kú nínú àwọn ọmọ náà, àwọn mìíràn sì di aláàbọ̀ ara.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé wàyí. Láti bíi ọdún 1950 sókè ni àwọn dókítà ní Ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ti ń rí àìsàn kan tí ń wá ní àsìkò òjò. Ènìyàn tí ara rẹ̀ le ní àná yóò dédé máa bì, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, kò ní lè dúró ṣinṣin, yóò máa rìn bí ọ̀mùtí, ẹyinjú rẹ̀ yóò máa jà. Àwọn mìíràn a máa ṣarán. Ní 1958, Dókítà Wright àti Dókítà David Morley kọ̀wé nípa rẹ̀ fún gbogbo ayé kà. Ní 1972, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Ọsibítù UCH, olóògbé onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan tí ó kú ní 1995, tún kọ̀wé nípa bí ó ṣe ń bẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun tí ń fà á kò tíì hàn. Àwọn kan rò pé kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ni. Ní ti àwọn ará ìlú, ẹ mọ ohun tí wọn yóò sọ: wọ́n ní ayé ni, wọ́n ní ẹnì kan ló sà sí i.

Ní 1993, Dókítà Bola Adamolekun kọ̀wé pé òun ti rí ohun kan tí ó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Àwọn tí àìsàn náà ń mú jẹ́ tálákà tí oúnjẹ wọn kò ju òkèlè lọ, wọ́n sì jẹ kòkòrò kan tí ó máa ń pọ̀ ní àsìkò òjò. Kòkòrò náà ni ọmọ labalábá òru kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe venata, tí ń jẹ ewé igi arère. Àsìkò tí kòkòrò náà ń jáde ni àsìkò tí àìsàn náà ń dé. Ní ọdún 1993 náà, àìsàn yìí bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́, wọ́n sì lọ ṣe ìwádìí rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ àbá lásán, Adamolekun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní fítámì B1, wọ́n fún apá kejì ní hóró òfìfo tí kò ní òògùn nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà tí ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì mọ̀, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Àwọn tí ó lo fítámì B1 ni ara wọn yá ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ bọ́ aṣọ ní ilé babaláwo, hóró fítámì ni ó wò ó.

Ó wá ku ìbéèrè kan: kí ni ó wà nínú kòkòrò yẹn? Ní 2000, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Nishimune, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn rẹ̀. Wọ́n yẹ kòkòrò náà wò, wọ́n sì rí ẹ́ńsáìmù kan nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ thiaminase. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà ni pé kí ó máa gé fítámì B1 sí wẹ́wẹ́. Iná fẹ́ẹ́rẹ́ kì í pa á. Kódà ní ìwọ̀n ooru 70 ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Nítorí náà, kòkòrò tí a kàn yan fìrì lórí iná lè gbé e wọ inú ènìyàn láàyè.

BÍ NǸKAN MẸ́TA ṢE PÀDÉ

Ẹ jẹ́ kí a to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Èkíní, oúnjẹ tálákà náà kò ní fítámì B1 tó láti oṣù pípẹ́, ìwọ̀nba tí ó wà nínú ara rẹ̀ kéré. Èkejì, òjò dé, kòkòrò pọ̀, ó jẹ ẹ́ nítorí pé ẹran wọ́n. Thiaminase sì gé èyí tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó jẹ òkèlè púpọ̀ tẹ̀lé e, òkèlè náà sì béèrè fítámì tí kò sí mọ́. Ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ kígbe. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi lè jẹ kòkòrò kan náà kí nǹkan má ṣe é: ẹni yẹn ti ń jẹ ẹ̀wà àti ẹran tẹ́lẹ̀, àpò rẹ̀ kò ṣófo. Nítorí náà, kòkòrò nìkan kọ́ ni ẹlẹ́bi. Àìní ni ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé kòkòrò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹbí rẹ̀ ni ó ń wun òwú ìtẹ́ tí àwọn baba wa fi ń hun sányán, aṣọ tí a ń wọ̀ lọ sí ìyàwó àti ọdún. Àwọn àgbà sì ní sányán ni baba aṣọ. Ohun tí ó dára fún ara láti wọ̀ lè má dára fún ikùn. Ní ti pé ó tọ́ tàbí kò tọ́ nínú ẹ̀sìn láti jẹ kòkòrò, ọwọ́ àwọn áfáà wa ni a fi ìyẹn sí. Ọ̀rọ̀ ìlera ni àwa ń sọ. A kò sì sọ pé gbogbo kòkòrò tí Yorùbá ń jẹ ni ó ní thiaminase. Èyí tí ó wà lára igi arère yìí ni ìwádìí mú. Ẹni tí kò bá lè ṣe kí ó má jẹ ẹ́, kí ó sè é jinná dáadáa nínú omi tí ń hó, kí ó sì jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní àwọn ọdún 1930, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni Chastek ń sìn rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nítorí pé ẹja tútù ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Thiaminase wà nínú ẹja náà. Nítòsí wa ní ilẹ̀ Gáńbíà, beriberi bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kan ní 1988, ní àsìkò òjò, nígbà tí iṣẹ́ oko pọ̀ tí ìrẹsì funfun sì jẹ́ oúnjẹ wọn.

A gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sí i o. Àrùn mìíràn wà tí ń mú ẹsẹ̀ ènìyàn rọ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù àti ọdún, tí ojú àti etí rẹ̀ á sì máa dínkù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ṣe ìwádìí èyí ní Ẹ̀pẹ́ àti Òsósà, ó sì so ó mọ́ májèlé inú gbágùúdá tí a kò rẹ dáadáa. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn òjò tí a ń sọ yìí.

IBI TÍ A TI LÈ RÍ FÍTÁMÌ B1

Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn Òyìnbó ni ó máa ń to ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí òkè nínú àwọn oúnjẹ tí ó ní fítámì B1. Kí Mùsùlùmí kankan má rò pé nítorí pé òun kì í jẹ ẹ́, òun pàdánù nǹkan. Ohun tí a nílò wà ní Ọjà'ba:

(a) Ẹ̀wà, ti oríṣiríṣi. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, fítámì B1 tí ó wà níbẹ̀ tó bíi 0.8 mílígíráàmù. Àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kuru àti gbẹ̀gìrì, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn.

(b) Ẹ̀pà. Èyí tí a sè sàn ju èyí tí a yan lọ, nítorí yíyan ń pa púpọ̀ nínú fítámì náà.

(d) Ọkà bàbà, jéró àti àgbàdo tí a jẹ pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Àgbàdo sísè sàn ju ògì lọ, nítorí pé nígbà tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sẹ́ ẹ, fítámì bá èèrí àti omi lọ.

(e) Ìrẹsì ọ̀fadà tí a kò bó funfun jù, àti ìrẹsì tí a ti bọ̀ kí a tó pa á, nítorí bíbọ̀ náà a máa ti fítámì láti inú èèpo wọ inú ìrẹsì.

(ẹ) Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja tí a sè jinná, ẹyin àti ẹ̀gúsí.

Àwa ará Ìbàdàn ní ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ìyá wa ti fi lé wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ fítámì rí, òun ni àbùlà. Àmàlà ni igi ìdáná, gbẹ̀gìrì ni atẹ́gùn. Ẹni tí ó yọ gbẹ̀gìrì kúrò nínú àbùlà nítorí owó, tí ó wá fi owó náà sọ òkèlè di ńlá, ó ti ṣe òdì kejì ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ó sàn kí òkèlè kéré kí ẹ̀wà sì wà níbẹ̀.

ỌWỌ́ TÍ A FI Ń SÈ É

Fítámì B1 kò fẹ́ràn iná àṣejù, kò sì fẹ́ràn kán-ún rárá. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó máa ń fi kán-ún sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, nítorí epo kẹrosíìnì àti gáàsì wọ́n. A mọ ìdí rẹ̀, a kò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n kán-ún a máa ba fítámì B1 jẹ́ nínú ìkòkò, ohun tí a torí rẹ̀ ra ẹ̀wà a sì dínkù. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, yóò tètè jinná láìsí kán-ún. Ẹ fi omi tí yóò tó sè é, kí ẹ má baà da omi ẹ̀wà nù. Ẹ má sì fọ ìrẹsì ní ìgbà mẹ́fà-méje. Kán-ún inú ewédú kò tó ohun tí a ń jà lé lórí, nítorí kì í ṣe inú ewédú ni a ti ń wá fítámì B1.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢỌ́RA JÙ

Aboyún tí ń bì ní gbogbo ìgbà, tí oúnjẹ kì í dúró sí inú rẹ̀, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú, kí ó má fi ẹ̀kọ àti gàárì nìkan ṣe oúnjẹ. Arúgbó tí ń dá gbé, tí ó ń fi búrẹ́dì àti tíì ṣe ọ̀sán àti alẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa bojú wo ìkòkò rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹni tí ń lo òògùn amúnitọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, ìtọ̀ ń gbé fítámì náà lọ ju bí ó ti yẹ lọ. Kí wọ́n bi dókítà wọn léèrè. Ní oṣù Ramadan, ẹni tí ó bá fi gàárì nìkan ṣe sààrì yóò yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wà díẹ̀ tàbí ẹ̀pà pẹ̀lú rẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́ ju gàárì kejì lọ.

LÁKÒÓTÁN

Bí ẹnì kan nínú ilé bá dédé ń rìn bí ọ̀mùtí, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹyinjú rẹ̀ ń jà, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ẹni tí ó sà sí i. Ibà, rọpárọsẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn lè fa irú èyí, dókítà nìkan ni ó lè mọ èyí tí ó jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ náà gan-an, Adéọ̀yọ́ tàbí UCH kò jìnnà sí wa. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ó jẹ ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, kòkòrò tí ó jẹ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun ìtìjú. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe oníṣègùn fa omi ṣúgà sí i lára nínú ilé, nítorí bí fítámì B1 kò bá sí nínú ara, omi ṣúgà nìkan lè mú àìsàn ọpọlọ náà le sí i. Fítámì ni dókítà máa ń kọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí a bá tètè fún un, ọ̀pọ̀ a máa dìde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí a bá pẹ́ jù, ohun tí ó bàjẹ́ nínú ọpọlọ lè má padà mọ́.

Hóró fítámì B1 kò wọ́n. Ẹ̀wà tí yóò ṣe é kí a má nílò hóró náà rárá wà lórí àtẹ ní Ọjà'ba láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí owó àárọ̀ bá kù díẹ̀ káàtó ní ọ̀la, ẹ dín ẹ̀kọ kù, kí ẹ fi àkàrà sílẹ̀ fún ọmọ. Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà ara.